Ìgò Mẹ́jọ Ọjọ́ Òjò Ńlá

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbì kan nínú ìwé, ṣùgbọ́n Onígò ni gbogbo ayé ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló fún un lórúkọ. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sídìí odò tó ń ṣàn wọ ìlú wọn, àpò kan léjìká, ìgò kéékèèké ń dún wọnwọn nínú rẹ̀. Yóò bu omi sínú ìgò, yóò dé e pinpin, yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára, yóò sì tò ó sínú àpótí tí ọkọ̀ ọ́fíìsì omi máa ń wá gbé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹni tó ti fi ogún ọdún gbé búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n wá ní kó máa gbé ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ, kò ní ṣàì dúpẹ́.

Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Ní àràárọ̀, kí ó bu ìgò kan níbi ìsun tó ń jáde lábẹ́ àpáta, kí ó bu òmíràn nínú àbàtà tó wà ní kòtò òkè, kí ó bu ẹ̀kẹta nínú odò gan-an, níbi tí wọ́n ri pátákó òdiwọ̀n mọ́. Bí òjò gidi bá wá rọ̀, kí ó dúró ti odò, kí ó máa bu ìgò kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí ìgò mẹ́jọ yóò fi kún, kí ó sì tún bu ọ̀kan nínú agolo tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti fi gbe òjò fúnra rẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Onígò kò mọ̀. Ó bi awakọ̀ tó ń gbé àpótí, awakọ̀ ní òun kò mu nínú rẹ̀ rí.

Lójú Onígò, ọ̀rọ̀ odò kò ní àwámárìídìí kankan nínú. Òjò rọ̀ sórí òkè, omi òjò sáré sọ̀ kalẹ̀, odò kún. Òjò dá, odò fà. Ṣé èyí náà ni wọ́n tún ń lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kọ́? Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i bó bá ń dé ìgò lọ́wọ́, ẹ̀rín ẹni tó mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣe lọ́jọ́ òjò ńlá kò fi wúwo rárá lọ́kàn rẹ̀. Láti ìdájí ni òjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Onígò dé ìsàlẹ̀ òkè, afárá igi tó fi máa ń kọjá ti bá omi lọ, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó wo òkè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, ó yí padà. Àgbà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó padà sílé, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò fi padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì fẹ́ kí ìgò ṣófo. Dírọ́ọ̀mù kan wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀, omi òrùlé ń dà sí i gbàà. Òjò tó ń rọ̀ síbí náà ló ń rọ̀ lókè, àbí òmíràn ni? Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aago ka orí itan, ó sì ń bu ìgò kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń fi ẹ̀rọ ránṣọ nínú ilé, gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé omi inú dírọ́ọ̀mù yẹn fẹ́ sá lọ ni, tí ẹ fi ń ṣọ́ ọ?"

"Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe. Omi ni omi."

Ó kọ "odò" sára gbogbo ìgò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó bu ẹ̀kẹsàn-án, ó kọ "òjò" sí i, ó dé wọn pinpin, ó sì lọ jẹun. Ẹ má tíì bínú sí i. Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ṣe é.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ mú ìwé kan wá sílé wọn. Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà, Alágbàdo ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí kò gbin nǹkan mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà láti ìgbà tí bàbá wọn ti fi ilẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ fún un. Oko yẹn ni wọ́n fi tọ́ ìyàwó Onígò dàgbà. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni Alágbàdo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó jókòó láìkí ẹnikẹ́ni, ó na ìwé náà sí àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wọ gíláàsì, ó kà á sókè.

Ọ́fíìsì omi ló kọ ọ́. Wọ́n ní nínú òjò ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, omi òjò sáré gba orí ilẹ̀ kọjá wọ odò láìwọ ilẹ̀ rárá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní ó jọ pé katakata tí wọ́n fi túlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè ti tẹ ilẹ̀ náà pa. Ilẹ̀ tí kò bá mu omi lójò kò ní omi tí yóò fún odò ní ọ̀gbẹlẹ̀, odò náà ni gbogbo ìlú sì ń mu. Nítorí náà, kí Alágbàdo kúrò lórí ilẹ̀ náà kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.

"Àna mi," ni Alágbàdo wí, "ìwọ lo ń bá omi jókòó. Kí ni mo fi ṣe odò?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó rú èmi náà lójú."

Òótọ́ ló sọ. Ó ní kí ìyàwó òun tún un kà, ó tún un kà, ó sì túbọ̀ dojú rú. Òjò sáré wọ odò: ṣé ẹ̀sùn nìyẹn? Kí ni òjò tún ń ṣe yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe ajá lẹ́jọ́ pé ó gbó.

Ìyàwó rẹ̀ yọ gíláàsì lójú. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbí yìí, ṣé ọjọ́ tí afárá igi wó lọ kọ́?"

Nǹkan kan gún Onígò láyà. Ó wá ohun náà nínú ara rẹ̀, kò rí i mú. Omi ni omi, ó tún sọ fún ara rẹ̀. Ó ṣèlérí fún àna rẹ̀ pé bí ọ̀gá tí ìwé náà ní yóò wá ṣàlàyé bá dé lọ́túnla, òun yóò bá a sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀gá náà mọ òun ní olóòótọ́.

Dókítà Omi ni wọ́n ń pe ọ̀gá ọ̀hún, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ bàtà òjò nínú oòrùn. Kò wo aláìsàn rí láyé rẹ̀, ìwé omi ló kà dé òkè téńté. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ "dókítà" kì í dúró gbọ́ ìyókù, nítorí náà, màmá arúgbó ilé kejì ti gbé orúnkún rẹ̀ méjèèjì wá kí Dókítà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó fara balẹ̀ tẹ orúnkún náà wò, ó ní kí wọ́n máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Màmá ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi náà ni yóò sọ.

Ẹ̀yìnkùlé Onígò ni wọ́n jókòó sí, nítorí ilé rẹ̀ ló sún mọ́ títì jù: Dókítà, Alágbàdo, Onígò àti ìyàwó rẹ̀. Dókítà kò mú ìwé kankan jáde. Ó ní kí wọ́n fún òun ní garawa tí ìdí rẹ̀ ti lu. Irú rẹ̀ kì í wọ́n nílé bíríkìlà. Alágbàdo fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ilẹ̀ oko rẹ̀ kún un, nítorí ó ti gbé àpò kan wá láti fi hàn wọ́n pé ilẹ̀ náà kò ní àbùkù. Wọ́n gbé garawa ka orí búlọ́ọ̀kù méjì, wọ́n gbé abọ́ funfun sábẹ́ rẹ̀. Dókítà da omi sí i títí ó fi ń kán nísàlẹ̀, ó dúró títí ó fi dákẹ́ kíkán. Lẹ́yìn náà, ó tú ìgò íńkì kékeré kan sínú omi mìíràn, omi náà di búlúù.

"Ẹ wo èyí dáadáa," ó ní. "Èyí ni òjò tuntun."

Ó rọra da omi búlúù náà sórí ilẹ̀ inú garawa. Gbogbo wọn tẹ̀ síwájú. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nísàlẹ̀, ó ń ṣàn geere sínú abọ́. Kò ní búlúù kankan nínú.

Onígò wo abọ́, ó wo garawa, ó tún wo abọ́. Ó tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e sójú.

"Èyí tí ẹ dà sí i lẹ́ẹ̀kan dà?"

"Ó wà nínú, Bàbá."

"Èwo ló wá jáde?"

"Ti àkọ́kọ́. Ti tuntun wọlé, ó ti ti àgbà síta."

"Ta ni kó wá gbà pé òjò òní ló fa èyí tó ń ṣàn, tí kì í ṣe òun ló ń ṣàn?"

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Bí Dókítà ti ń sọ̀rọ̀ ni orí Onígò ń wú, tó ń dàrú. Ó ní púpọ̀ nínú omi tó ń kún odò lọ́jọ́ òjò kì í ṣe òjò ọjọ́ náà. Òjò oṣù tó kọjá ni, ti èṣí ni, òmíràn ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀, nínú ihò gbòǹgbò, lábẹ́ ewé jíjẹrà, nínú pàlàpálá àpáta, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀ àti ìgbà tirẹ̀. Ó ní òjò kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ojú kò rí, tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ àwọn sì rí, òun ni wọ́n fi ń mọ ti òní yàtọ̀ sí ti àná. Wọ́n máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Onígò ti fi ọdún mẹ́ta bu orísun sínú ìgò, kò mọ̀ pé kò tíì mọ ọ́n rí.

Dókítà kọjú sí Alágbàdo. "Ìgò bàbá yìí ló kọ́ wa. Bí ẹ bá bu ife mẹ́wàá nínú ìkún odò yìí, méje tàbí mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló jẹ́ omi àgbà. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú gbogbo òjò, àfi ọjọ́ òjò ńlá yẹn. Ìgò mẹ́jọ, òjò ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀, kò sí ẹ̀kán omi àgbà kan níbẹ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí tí ẹ̀rù fi bà wá nìyẹn."

Onígò wá rí ohun tó gún un láyà lọ́jọ́sí. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó gbójú sókè, ó bá ojú ìyàwó rẹ̀ pàdé. Obìnrin náà ti rí i ṣáájú rẹ̀. Ó ń ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́wọ́, ó ń tú u.

Ojú ti Onígò dé egungun, ṣùgbọ́n kò mọ ìtìjú tí òun ìbá yàn nínú méjì. Bí ó bá sọ ọ́, iṣẹ́ lọ, ó sì tẹ́ lójú àna rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, oko lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀? Dírọ́ọ̀mù kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa wò ó ni, títí ọjọ́ ikú. Ó ń retí kí ẹnì kan sọ ohun kan tí yóò tú u sílẹ̀.

Alágbàdo ló sọ̀rọ̀. Ó ti ki ọwọ́ bọ inú garawa, ó ń fún ilẹ̀ náà mọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé omi ló sọ bẹ́ẹ̀, omi ò mọ̀ mí, kò ní parọ́ mọ́ mi. Èmi ni mo háyà katakata yẹn. Bàbá wa ò gbé e débẹ̀ rí, ọkọ́ ló ń lò. Bóyá èmi ni mo ba ilẹ̀ bàbá mi jẹ́."

Onígò kò lè gbọ́ èyí tó kù. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe katakata. Èmi ni." Ó kọjú sí Dókítà. "Mi ò dé odò lọ́jọ́ yẹn. Afárá ti lọ. Omi abẹ́ òrùlé mi ni mo bù."

Dókítà gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo ìgò mẹ́jọ?"

"Gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fi wákàtí ṣeré, ọ̀gá. Mo gbé aago kalẹ̀. Mo rò pé òjò náà ni odò, odò náà ni òjò."

Ẹ̀rín ìbá pa ẹlòmíràn. Kò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ọjọ́ yẹn nìkan. Mo fi àwọn ọmọ mi búra."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀, Bàbá?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ kí ó dá òun lóhùn ni. Onígò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgò tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ti bù, nínú ọyẹ́, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn. Àwọn ìgò yẹn gan-an ló lè jẹ́rìí pé òkè náà ń mu omi, pé katakata kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn ìgò yẹn ló wá di ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ti parọ́ báyìí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Alágbàdo dìde, ó gbọn ilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó lọ láìwẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Dókítà lọ tán, ìyàwó Onígò jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò ran nǹkan kan. "Ojú wo ni kí n gbé lọ sílé wa?" ó bi í, kò sì dúró gbọ́ èsì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé mìíràn dé. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ oko dúró di ìgbà tí àkókò òjò kan yóò fi kọjá, kí wọ́n tún gbogbo ìgò bù láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Onígò, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ojú ìsun àti àbàtà náà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan gbọ́dọ̀ dúró tì í, kí ó máa tẹ ìka sí ìwé fún ìgò kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yóò sì máa yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó rí ẹlẹ́rìí wá, Alágbàdo ti lọ bá Dókítà ní ọ́fíìsì. Ó ní bí Onígò bá tún bu òjò, oko ta ni yóò lọ? Ta ló wá yẹ kó máa ṣọ́ ọ? Dókítà rò ó títí, ó gbà.

Láti ìgbà náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" nìkan ló ń kọjá láàárín àna méjèèjì. Alágbàdo yóò dúró sétí omi, yóò wo ọwọ́ Onígò bó ṣe ń wọ odò, bó ṣe ń jáde, bó ṣe ń dé ìgò. Yóò tẹ ìka. Wọn yóò sọ̀ kalẹ̀.

Òjò gidi àkọ́kọ́ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì ti wà lókè kí ó tó le. Odò ń ga lára pátákó òdiwọ̀n. Onígò wà nínú omi dé orúnkún, ó ń wò ó bó ṣe ń ru, ó ń wá èyí tó jẹ́ ti òní àti èyí tó jẹ́ ti èṣí, bóyá ti ọdún tí àkọ́bí rẹ̀ dáyé. Kò rí ìyàtọ̀. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀, ó ń kọjá lára ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì yé e síbẹ̀. Ó bu ìgò kìíní, ó bu ìkejì, ó bu dé ìkarùn-ún. Òtútù ti mú Alágbàdo, ọ̀rá tó fi borí ti ya. Nígbà tí wákàtí ìkẹfà pé, ó wọ abẹ́ àpáta, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí odò.

"Máa bù ú," ó ní. "Mo ti gbà ọ́ gbọ́."

Ohun tí Onígò ti ń gbàdúrà fún láti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ó ti rò pé bí òun bá gbọ́ ọ, ara òun yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ó ṣí ìgò, ó tẹ̀ ba, ọwọ́ rẹ̀ kò wọ omi. Aago ń lọ. Ó gòkè kúrò nínú odò, ó lọ dúró níwájú àna rẹ̀ lábẹ́ àpáta, ìgò òfìfo lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ wá wò mí."

Alágbàdo fa ọ̀rá tó ya náà borí. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó tẹ̀ lé e wọ inú òjò, ó dúró sétí omi, kò sì gbé ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìgò fi kún.